Ẹsẹ̀ Mi Ni Mọ́tò Mi ní Màkún

Kingston, ilẹ̀ Kánádà
Ọjọ́ kejìlá, oṣù Èrèlé, 2025

Màmá mi ọ̀wọ́n,

Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja láti òkè òkun. Ẹ kú ọ̀gbẹlẹ̀, ẹ kú eruku, ẹ kú àìrí mi. Báwo ni ojú yín? Ṣé ó ṣì ń ṣe bàìbàì? Báwo ni Raqeebah ayálégbé wa àti ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ tí kì í jẹ́ kí ìsàlẹ̀ ilé sinmi? Ẹ bá mi kí Ìyá Kàbírù olóbì tó wà ní ọ̀ọ́kán ilé.

Ara mi le. Mo ti kó kúrò níbi tí mo ń gbé tẹ́lẹ̀ lẹ́yìn ìlú, níbi tó jẹ́ pé bí ata bá tán nílé, àfi kí n wọ mọ́tò kí n tó rí òmíràn rà. Àárín ìlú àtijọ́ ni mo wà báyìí. Òkúta ni àwọn baba ńlá wọn fi kọ́ àwọn ilé ibẹ̀, títì rẹ̀ tóóró, ìsọ̀ wà nísàlẹ̀, èèyàn ń gbé lókè. Ẹsẹ̀ ni mo fi ń lọ síbi iṣẹ́, ẹsẹ̀ ni mo fi ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹni tó ń yan búrẹ́dì wà nísàlẹ̀ yàrá mi gan-an, òórùn búrẹ́dì ló ń jí mi láàárọ̀. Owó ilé náà wọ́n ju ti tẹ́lẹ̀ lọ dáadáa, ṣùgbọ́n àwọn ará ibí ní kò sóhun tó dà bíi kéèyàn máa fẹsẹ̀ rìn débi gbogbo. Mo gbà pẹ̀lú wọn. Ara mi ti fúyẹ́.

Ọ̀rọ̀ tí mo torí ẹ̀ kọ̀wé rèé. Ilé tí mo ń kọ́ fún yín ní Simawa lẹ́bàá ọ̀nà márosẹ̀ ti parí. Bọ̀ọ̀dá Bánkọ́lé, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi tó bá mi dúró ti iṣẹ́ náà, ti fi fótò rẹ̀ ránṣẹ́. Táìsì ló kún ilẹ̀, omi ń yọ nínú ilé, kò sí àtẹ̀gùn tí ẹ máa gùn, fẹ́ǹsì ga, géètì wà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ di ẹrù yín. Pẹ́tẹ́ẹ̀sì Màkún ti darúgbó, Màmá. Àtẹ̀gùn rẹ̀ ń han, gọ́tà ń rùn, ariwo kò lópin. Ẹ ti pé ọmọ ọdún mọ́kànléláàádọ́rin. Kí lẹ ṣì ń wá láàárín ìlú tó há gádígádí bẹ́ẹ̀?

Ẹ tètè dá mi lóhùn. Ẹ má sọ pé ẹ máa rò ó o, nítorí mo mọ̀ pé tí ẹ bá ti ní ẹ máa rò ó, ó parí nìyẹn.

Ọmọ yín tó ń retí èsì,
Ọmọ́bọ̀wálé


Màkún, Ṣàgámù
Ọjọ́ kẹta, oṣù Ẹrẹ́nà, 2025

Ọmọ́bọ̀wálé ọmọ mi,

Mo rí lẹ́tà rẹ gbà, inú mi dùn pé ara rẹ le. Ṣé o ń jẹun kánú? Otútù ibẹ̀ ńkọ́? Àmì ohùn orí ọ̀rọ̀ rẹ pé, àfi ẹyọ kan tí o gbé síbi tí kò yẹ. Mi ò ní sọ èyí tó jẹ́, wá a fúnra rẹ. Èèyàn kì í fi gbogbo ayé kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní Yorùbá kó tún wá lè ka lẹ́tà láìmú bírò pupa lọ́wọ́.

Mo ka ibi tí o ti ń yin àárín ìlú rẹ. Mo tún un kà. Mo pe Raqeebah gòkè kí òun náà wá gbọ́. O ní o ń san owó tó wọ́n kí o lè máa fẹsẹ̀ rìn. O ní ìsọ̀ wà nísàlẹ̀, o ń gbé lókè. O ní òórùn búrẹ́dì ló ń jí ọ. Ọmọ́bọ̀wálé, kí wá ni Màkún? Ọ̀fẹ́ ni tèmi, ìwọ sì ní kí n fi í sílẹ̀ lọ síbi tí mo ti máa wọ mọ́tò lọ ra ata. Ṣé o tiẹ̀ gbọ́ ohun tí ò ń sọ?

Bóyá o ti gbàgbé bí ibí ṣe rí. Bí mo bá sọ̀kalẹ̀ láàárọ̀, Ìyá Kàbírù á ti jókòó ti obì rẹ̀, á máa ṣà á, á ní, “Tíṣà, ṣé ẹ jíire?” Ẹlẹ́kọ wà ní ìkángun títì. Ẹni tó ń lọ ata wà lẹ́yìnkùlé. Agogo ṣọ́ọ̀ṣì wa ń dún sí mi létí bí mo bá ń wẹ̀. Bí mo bá ní kí n lọ ra iyọ̀, iyọ̀ náà lè gba gbogbo ìyálẹ̀ta lọ́wọ́ mi, nítorí mo ní láti kí ẹni tí ara rẹ̀ kò yá, kí n gbọ́ ẹjọ́ ẹni tí ọkọ rẹ̀ ń yọ lẹ́nu, kí n la ìjà àwọn ọmọ tí mo kọ́ ìyá wọn níwèé. Ẹsẹ̀ mi ni mọ́tò mi. Kì í jẹ epo, kì í sì í sọ pé táyà òun jò.

Mi ò sọ pé ilé rẹ kò dára o. Mo dúpẹ́, ọmọ tìrẹ náà á kọ́lé fún ọ. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ní ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ìwọ sọ mí ní ará Simawa láìwo ilé mi.

Ní ti ojú mi, dókítà fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ fún ti ọ̀tún lóṣù yìí. Ọ̀dọ̀ àbúrò mi Yétúndé ní Ìpẹru ni màá wà títí wọn á fi ní kí n máa kàwé. Raqeebah ló máa bá mi kọ lẹ́tà títí dìgbà náà. Má máa fi fóònù dà mí láàmú. Ọ̀rọ̀ ẹbí là ń kọ sílẹ̀, kéèyàn lè rí i tún kà.

Simawa tí o sọ yẹn, màá rò ó.

Ìyá rẹ tí kò lọ ibì kankan,
Mofìyìnfólúwa


Makun, Sagamu
2 osu Igbe, 2025

E kaaro o, Booda Omobowale. Raqeebah telo ni. Mama ni ki n ba awon ko leta yii. Ori foonu mi ni mo ti n te e, e ma binu pe ko si ami ohun lori re. Foonu mi ko ni in, Mama o si le ri i bayii ki won bu mi. A ku odun itunu aawe o.

Won ti se oju otun Mama. Won wa ni Iperu lodo Anti Yetunde, mo lo ki won lanaa. Ohun ti won ni ki n so fun yin niyi. Awon kan wa si adugbo wa lose to koja. Won mu teepu dani, won n won ojude wa, won n ya foto. Ile meta ni won mu, tiwa wa ninu re. Won ni leyin odun Ajinde awon n bo wa wo ile wa. Won ni ki a ko eru kuro ni odede ki aaye le wa fun awon. Mo ti n ko aso onibaara mi sinu yara.

Mama ni ki n tete so o fun yin, ki e ma baa gbo o lenu elomiiran. Ojoojumo ni won n so oro ile naa, won o tile le simi. Omi n da loju won.

Emi ni Raqeebah, loruko Mama.


Kingston
Ọjọ́ kẹrin, oṣù Igbe, 2025

Màmá mi,

Ẹ kú ìnira ojú, ẹ sì kú ìnira ọkàn. Àárín àtẹ̀gùn ni mo ti ka lẹ́tà tí Raqeebah tẹ̀, ibẹ̀ náà ni mo jókòó sí. Wọ́n fẹ́ wó ilé wa! Ilé tí bàbá bàbá mi fi owó obì kọ́! Ta ni wọ́n? Ṣé àwọn tó ń fẹ títì ni? Téèpù ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń mú wá, lẹ́yìn téèpù, katapílà ló kù. Ẹ sì wá dákẹ́, ẹ tún ń bá wọn kó ẹrù kúrò ní ọ̀dẹ̀dẹ̀!

Inú bí mi sí yín, ẹ foríjì mí. Ṣé mi ò ti ń sọ ọ́ fún yín pé kí ẹ kúrò níbẹ̀? Bí ẹ bá ti gbọ́ tèmi, ojú yín kò ní rí èyí. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ló bà mí ju ìbínú lọ. Mo ń ronú bí ẹ ṣe ń sunkún pẹ̀lú ojú tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣiṣẹ́ abẹ sí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sunkún mọ́.

Mo pe fóònù yín, kò wọlé. Raqeebah gbé tiẹ̀, kò gbọ́ mi, èmi náà kò gbọ́ ọ, “hàlóò, hàlóò” la fi gbogbo rẹ̀ sọ. Mo bá pe Bọ̀ọ̀dá Bánkọ́lé. Wọ́n ní kí n fọkàn balẹ̀. Wọn á gbé ọkọ̀ akẹ́rù lọ sí Màkún, wọn á kó ẹrù yín lọ sí Simawa kí àwọn yẹn tó dé, wọn á sì wá mú yín ní Ìpẹru. Ẹ má bá wọn jiyàn. Ẹ jẹ́ ká dúpẹ́ pé a ríbi forí pamọ́ sí.

Èmi náà ń sunkún, Màmá. Mo rò pé ilé yẹn kò lè lọ síbì kankan láéláé, ìdí nìyẹn tí mo fi ń rí i fín.

Ọmọ yín,
Ọmọ́bọ̀wálé


Simawa
Ọjọ́ kẹrìndínlógún, oṣù Igbe, 2025

Ọmọ́bọ̀wálé,

Ṣé dáadáa lo wà? Ojú mi ti là, ọwọ́ ara mi ni mo fi ń kọ èyí; Bánkọ́lé ló máa ya fótò rẹ̀ ránṣẹ́, nítorí èsì tí o kọ sí lẹ́tà Raqeebah kò tíì tẹ̀ mí lọ́wọ́. Mo rí i pé o ń pè mí. Mi ò gbé e, nítorí ẹkún ni wàá gbọ́, mi ò sì fẹ́ kí ọmọ gbọ́ ẹkún ìyá rẹ̀ láti ibi tí kò ti lè fọwọ́ kàn án.

Bánkọ́lé ló dé bá mi ní Ìpẹru, ó ní wọ́n fẹ́ wó ilé mi. Mo ní rárá, àwọn tó mú téèpù wá ní wọ́n kàn fẹ́ wò ó ni. Ó ní, “Màmá, ọ̀rọ̀ ti kọjá bẹ́ẹ̀. Ẹnu Ọmọ́bọ̀wálé ni mo ti gbọ́ ọ, ó dájú.” Mo wá rò ó pé ìwọ lọ́hùn-ún ti gbọ́ ohun tí etí tèmi kò gbọ́. Mo ní bóyá wọ́n purọ́ fún mi ni, pé wíwò ni wọ́n pè é kí arúgbó má baà pariwo. Raqeebah pàápàá gbà á gbọ́. Bánkọ́lé ń kó bẹ́ẹ̀dì mi sọ̀kalẹ̀, òun náà ń di ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, ó ti gbé e lọ sí Ṣábó. Wọ́n ní Ìyá Kàbírù fi obì rẹ̀ sílẹ̀, ó dúró sójú títì, ó káwọ́ lérí.

Ilé rẹ dára. Jẹ́ kí n sọ ìyẹn kí n má baà jẹ́ abara-moore-jẹ. Omi ń yọ lóòótọ́. Ilẹ̀ ń dán débi pé ńṣe ni mò ń rìn bí ẹni tó fẹ́ jí nǹkan. Ṣùgbọ́n láti àárọ̀ dalẹ́, ìró ọkọ̀ ojú ọ̀nà márosẹ̀ ni mò ń gbọ́, àti ti jẹnẹrétọ̀ ẹni tí mi ò mọ̀. Obìnrin kan ń gbé nílé kejì. Mo lọ kí i, ó ṣí géètì díẹ̀, ó ní, “Ta lẹ ń wá?” Mi ò wá ẹnikẹ́ni, mo kàn wá kí i ni.

Lánàá iyọ̀ tán. Mo jáde, mo ń rìn, fẹ́ǹsì lọ́tùn-ún, fẹ́ǹsì lósì, mo rìn títí ó rẹ̀ mí. Ẹnì kan ṣoṣo tí mo pàdé ni ọlọ́kadà kan. Ó dúró, ó ní, “Màmá, ṣé ẹ sọnù ni?” Mo ní rárá, mò ń nasẹ̀ ni. Irọ́ ni mo pa fún un. Mo padà sílé, mo jẹ ọbẹ̀ aláìníyọ̀.

Bánkọ́lé kò gbà kí n lọ sí Màkún. Ó ní kí n má lọ wo ohun tó máa bà mí nínú jẹ́. Ọmọ́bọ̀wálé, má pẹ́ ọ̀rọ̀ sọ. Ṣé wọ́n ti wó o? Bí ó bá ti lọ, sọ fún mi kí n mọ̀ pé ó ti lọ. Ẹnu ta ni o ti gbọ́ ọ?

Ìyá rẹ


Kingston
Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù Igbe, 2025

Màmá mi,

Ẹ kọ́kọ́ jókòó. Ṣé ẹ ti jókòó? Ilé kò wó. Ilé kò ní wó. Ẹ tún un kà.

Ẹnu yín ni mo ti gbọ́ ọ! Mo ka lẹ́tà yín dé ibi tí ẹ ti ní wọ́n kàn fẹ́ wò ó, mo bá gbé e kalẹ̀. Mo ṣí lẹ́tà tí Raqeebah tẹ̀. Ohun tó wà níbẹ̀ ni “won n bo wa wo ile wa.” Kò sí àmì kankan lórí rẹ̀. Èmi ni mo gbé àmì òkè lé e. Wọ́n ń bọ̀ wá wo ilé, èmi kà á pé wọ́n ń bọ̀ wá wó o! Mo sọ fún Bọ̀ọ̀dá Bánkọ́lé, wọ́n sọ fún ẹ̀yin, ẹ̀yin gbà á gbọ́ torí pé ẹ̀ ń rò pé ọ̀dọ̀ mi ló ti wá. Ọ̀rọ̀ tó jáde lẹ́nu yín ló yí po, tó tún padà wá lé yín jáde nílé. Omi tó ń dà lójú yín náà, ṣebí oògùn ojú ni? Èmi rò pé ẹkún ilé ni.

Mo rí Raqeebah bá sọ̀rọ̀ lónìí, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ṣàánú wa. Ó fún mi ní nọ́ńbà tí àwọn èèyàn náà fi sílẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ ni wọ́n, iṣẹ́ ilé yíyà ni wọ́n ń kọ́. Olùkọ́ wọn ló gbé fóònù. Ó ní pẹ́tẹ́ẹ̀sì àtijọ́ kò pọ̀ mọ́ ní Rẹ́mọ, àwọn fẹ́ ya tiwa sínú ìwé kí àwọn ọmọ lè mọ bí wọ́n ṣe ń kọ́lé tí afẹ́fẹ́ á fi máa wọlé láìsí fáànù. Mo bi í pé ìgbà wo ni wọ́n máa wó o. Ó pariwo mọ́ mi, “Ta ló fẹ́ wó o? Àwa tí à ń bẹ onílé pé kí wọ́n má wó o!”

Màmá, mo rẹ́rìn-ín, mo sunkún, mo tún rẹ́rìn-ín, títí ẹni tó ń yan búrẹ́dì nísàlẹ̀ fi gòkè wá kanlẹ̀kùn pé ṣé kò sí o. Mo sọ ìtàn náà fún un. Àlàyé “wo” àti “wó” kò yé e, ṣùgbọ́n ó fún mi ní búrẹ́dì.

Mo ti bẹ Bọ̀ọ̀dá Bánkọ́lé kí wọ́n kó ẹrù yín padà. Wọ́n bú mi dáadáa, ó tọ́ sí mi. Ibi tó bá wù yín ni kí ẹ máa gbé, ẹ kò ní gbọ́ ọ̀rọ̀ Simawa lẹ́nu mi mọ́ láìjẹ́ pé ẹ̀yin lẹ dá a sílẹ̀. Ẹ má bínú sí mi. Gbogbo ohun tí ẹ kọ dùn mí, ṣùgbọ́n ọbẹ̀ aláìníyọ̀ yẹn ni mi ò lè gbàgbé. Mo sọ ìyá mi di àlejò nínú ilé tí mo kọ́ fún un.

Ọmọ yín tí ìtìjú ń pa,
Ọmọ́bọ̀wálé


Màkún, Ṣàgámù
Ọjọ́ kẹfà, oṣù Ẹ̀bibi, 2025

Ọmọ́bọ̀wálé, tí kì í ṣe Ọmọ́wólé,

Mo kí ọ láti ilé mi. Nígbà tí mo kà á pé ilé kò wó, orí táìsì rẹ ni mo kúnlẹ̀ sí. Mo ní, “Olúwa, o ṣeun.” Mo rẹ́rìn-ín, mo bú ọ, mo tún dúpẹ́. Ọkàn mi fúyẹ́ débi pé mo gbàgbé láti bínú. Ìbínú náà dé lọ́jọ́ kejì, ṣùgbọ́n nígbà yẹn ẹrù ti wà nínú ọkọ̀.

“Wò” gba àmì ìsàlẹ̀. Bí ọ̀rọ̀-orúkọ bá tẹ̀ lé e, àmì náà á yọ, á di “wo”. “Wó” gba àmì òkè, kì í yẹ̀. Pírámárì fáìfù ni mo ti kọ́ ọ, orí àga iwájú lo jókòó sí. Raqeebah ti padà sísàlẹ̀ ilé. Mo ní kó gbé àmì Yorùbá sórí fóònù rẹ̀, ó ti gbé e sí i, ó wá ń fi àmì sórí ohun gbogbo báyìí, títí kan nọ́ńbà. Bánkọ́lé gbé bẹ́ẹ̀dì mi gòkè, orí àtẹ̀gùn kọ̀ọ̀kan ló ti ń bú ọ. Mo gbé ìkọ́kọrẹ́ kalẹ̀ fún un, ohùn rẹ̀ rọ̀. Ó ní ìyàwó òun fẹ́ràn ilé Simawa yẹn, àti pé ilé tí wọ́n wà kò gbà wọ́n mọ́. Jẹ́ kí wọ́n wọ ibẹ̀. Òun ló dúró ti iṣẹ́ rẹ̀, ẹnu ọ̀nà ibẹ̀ ló sì ti ń wọkọ̀ lọ síbi iṣẹ́. Ohun tó ni mí lára lè tu ẹlòmíràn lára.

Àwọn ọmọ náà dé lẹ́yìn Àjíǹde. Wọ́n wo ilé títí, wọ́n wọn fèrèsé, wọ́n ń fọwọ́ pa igi àtẹ̀gùn tí o ní ó ń han. Ọ̀kan nínú wọn bi mí pé, “Màmá, kí lẹ fẹ́ràn jù nínú ilé yìí?” Mo ní, “Títì tó wà níwájú rẹ̀.” Ó rò pé mò ń ṣàwàdà, kò kọ ọ́ sílẹ̀.

Èyí tí mo fẹ́ sọ gan-an kù. Mi ò sọ fún ọ pé ẹ̀rù bà mí ní Simawa. Kì í ṣe ẹ̀rù olè. Mo ń dùbúlẹ̀ mo ń rò ó pé bí nǹkan bá ṣe mí nínú ilé yìí, ta ni yóò mọ̀, ìgbà wo ni yóò sì mọ̀? Mo ń fi àdúrà lé èrò náà lọ, ó ń padà wá. Èyí tó ń lé oorun lójú mi nìyẹn, kì í ṣe ìró ọkọ̀.

Lánàá wàyí, mo sùn gbàgbé. Oòrùn ti yọ, mi ò tíì ṣí fèrèsé. Mo kàn gbọ́ tí wọ́n ń gbá ilẹ̀kùn yàrá mi gbàgbàgbà. Kí n tó rí wáápà mi fà mọ́ra, wọ́n ti wọlé. Ìyá Kàbírù ló ṣíwájú, obì ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Raqeebah tẹ̀ lé e. Obìnrin tó ń lọ ata dúró sẹ́yìn wọn, ọwọ́ rẹ̀ pupa fòò, kò lè fọwọ́ kan nǹkan. Mo ní, “Kí ló ṣẹlẹ̀?”

Ìyá Kàbírù ní, “Tíṣà, fèrèsé yín ni kò tíì ṣí. A ní ká wá wò yín.”

Ojú tì mí, mo bá fi ìbínú bò ó. Mo ní, “Ṣé arúgbó ò gbọdọ̀ sùn ni? Ẹ̀yin náà mà yára o!”

Ó wò mí tìyanu-tìyanu. Ó ní, “Ṣé ẹ fẹ́ ká pẹ́ ni?”

Ìyá rẹ, ní Màkún,
Mofìyìnfólúwa